Ọgọ́rin Ewé tí Mo Fi Hàn Ẹ̀rọ Ṣáájú Ìdánwò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná. Wọ́n ní bí irọ́ bá ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tó ogún, ọdún mẹ́rin ni, ó sì ti sú mi. Màmá Amuge ló jókòó sẹ́yìn yẹn, lórí àga tí mo ní kí wọ́n gbé fún wọn. Àwọn ni mo ṣẹ̀, ojú wọn ni mo sì ti fẹ́ sọ ọ́.

Èmi Asekenye, kí n tó wá ṣe tíṣà yín ní Soroti níbí, mo pinnu pé màá fi ọwọ́ ara mi kọ ẹ̀rọ tí yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ bí ọpọlọ, tí yóò mọ ewé ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ yá. N kò yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo àṣẹ tí mo kọ kò ju àádọ́fà ìlà lọ. Mo sọ fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Àwọn nọ́ńbà náà á gba ojúko mẹ́jọ kọjá, ojúko kọ̀ọ̀kan á fi ìwọ̀n tirẹ̀ sọ wọ́n di púpọ̀ tàbí kó dín wọn kù, ìdáhùn kan á sì jáde: ara rẹ̀ yá, tàbí ó ṣàìsàn. Ìwọ̀n tí mo kọ́kọ́ fi sí i, ńṣe ni mo kàn fọ́n wọn síbẹ̀, nítorí náà àbá lásán ló ń dá. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tó bá ṣì í, mo kọ́ ọ láti padà sẹ́yìn, kó bi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé, "Èwo ni tìẹ nínú àṣìṣe yìí?", kó sì tún un ṣe díẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, iye àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lójú mi, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà nínú ìkòkò. N kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa àrùn sínú rẹ̀ o. N kò sọ fún un pé àwọ̀ pupa rúsúrúsú lẹ́bàá iṣan ewé ni kó máa wò. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Mo dìde, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi, n kò mọ ìdí tí mo fi bọ́ ọ.

Irinwó ewé ni mo ní. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí a mú díẹ̀ pamọ́ tí ẹ̀rọ kò ní rí rí, kí a fi dán an wò. Mo pa ọgọ́rin mọ́. Nígbà tí mo dán an wò, méjìléláàádọ́ta péré ló gbà, ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn ará ọ́fíìsì àgbẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi. Ìgbéraga ni mo fi ṣe é, kì í ṣe àìmọ̀. Mo sọ ojúko mẹ́jọ di igba, mo da ọgọ́rin ewé náà mọ́ ìyókù, mo jẹ́ kó há gbogbo wọn sórí, mo sì fi ewé tó ti mọ̀ dunjú dán an wò níwájú àwọn àlejò. Ó gba mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹyọ kan tó ṣì yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́.

Ní abúlé wa, ọ̀dọ̀ Màmá Amuge ni gbogbo ilé ti ń gba igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn, ọ̀fẹ́ ni, bí ìyá wọn ti ṣe ṣáájú wọn. Lọ́dún yẹn wọ́n mú ewé oko wọn wá. Ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ yá. Wọ́n yí ewé náà padà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi, ewé ìsàlẹ̀ yìí kò wù mí. Jẹ́ kí n hú ẹ̀gẹ́ kan, kí n là á wò. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Èmi tí mo mọ ohun tí mo ṣe, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó ṣòfò sí? Ẹ̀rọ yìí gba mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rin. Ojú tiyín ńkọ́?"

Wọ́n ní lóòótọ́, ojú àwọn ti darúgbó. Wọ́n gé igi náà, wọ́n pín in fún ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí a hú u lọ́dún kejì, tí a là á, inú rẹ̀ ti di dúdú, ó ti gan. Kò sí ilé kan tó rí tirẹ̀ jẹ. Màmá wá bá mi níwájú àwọn àgbà, wọ́n sì rọra béèrè pé, "Ọmọ mi, àbí ẹ̀rọ yẹn ṣì í ni?" Ibí ni ìwà mi ti burú jù. Mo ní ẹ̀rọ kì í ṣì í bẹ́ẹ̀, bóyá igi oko mìíràn ni Màmá gé fáwọn èèyàn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá yí ìkòkò ajon, ọtí ọkà tí a jọ ń fi ọ̀pá fà mu, ká, kò sí ẹni tó ń na ọ̀pá ìmutí sí Màmá Amuge mọ́. Obìnrin tó ti bọ́ gbogbo abúlé á jókòó lẹ́yìn àwọn èèyàn, Màmá á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo wà níbẹ̀. Mo ń mu tèmi.

Lóṣù tó kọjá mo lọ kúnlẹ̀ nílé wọn. Wọn kò bú mi. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí páànù kan jáde, wọ́n ní, "Kó ewé ìdánwò rẹ síbí. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà." Mo ní n kò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tí yóò mú ewé náà. Àwọn fúnra wọn ló já ọgọ́rin, wọ́n hú ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n là á, wọ́n sì kọ òtítọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti kọ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojúko mẹ́jọ. N kò mọ iye tí yóò gbà. Ẹ̀rù tó bà mí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti padà wá.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ máa kọ lónìí yóò yà yín lẹ́nu. Kó yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ kó ewé ìdánwò yín fún ẹni tí kò ní ṣàánú yín. Mo ti lọ sí ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà, mo sọ fún wọn pé èmi ni. Màmá, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá tíì lè ṣe é, ẹ ṣáà fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ yín bá wa ṣí àpótí tí ẹ gbé wá, ká fi ewé yín dán ẹ̀rọ mi wò.