Orin Àárọ̀ Sọ́ńdè

Nídìí ẹ̀rọ omi ní Ìbàfò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbélé.

"Ìwọ, a ò rí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

"Ẹ má bínú, mà. Orin tí mo kọ fúnra mi ni mò ń gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ Sọ́ńdè nìkan ni jẹnẹrétọ̀ ilé wa máa ń dákẹ́."

"Irú orin wo?"

"Orin ìyìn ni, mà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ó wá jẹ́ pé ò ń sá fún Ọlọ́run kó o lè kọrin fún un!"

"Ó ku ẹyọ kan, àmọ́ mo fẹ́ pa á tì. Inú pásítọ̀ ò dùn sí mi mọ́."

"Pa kí ni tì? Lọ parí ẹ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Tí pásítọ̀ bá béèrè ẹ, màá ní o wà nílé, ò ń yin Ọlọ́run. Àwa tá a wá la ń tòògbé."