Sàréè Abẹ́ Ilé ní Mẹ́síkò

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Swords ní Ireland ni mo ti gbọ́ ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìn mi; ìyá ń sọ Yorùbá, ọmọ ń fi òyìnbó Dublin dá a lóhùn, gbogbo rẹ̀ sì yé mi.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà gbàdúrà fún mi. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń lọ wẹ̀ lókun ní Mẹ́síkò, ìwọ ní ìlú àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Zaachila lo fẹ́ lọ, kó o lọ wọ sàréè! Mi ò gbàdúrà kankan."

"Abẹ́ ilé ni àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ ń sin àgbà wọn sí. Ṣé kì í ṣe inú pálọ̀ la sin Bàbá Àgbà sí n'Íjẹ̀bú? Orí sàréè wọn lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ń jẹ ìrẹsì Kérésì."

Èmi tí mi ò lè kọjá lẹ́bàá itẹ́ òkú láìsáré, mo rọra gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀ bọ́ọ̀sì.

Bá a ṣe ń kọjá pápákọ̀ òfurufú, ohùn ìyá rọlẹ̀.

"Abẹ́ ilé?"

"Abẹ́ ilé, Mọ́mì."

"A jẹ́ pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Olúwa á mú ẹ lọ, á mú ẹ bọ̀. Tó o bá wọ sàréè wọn, kúnlẹ̀ kí wọn. Má lọ máa fi 'howya' kí àgbàlagbà o!"