Ó Béèrè, Ó Dákẹ́

Nínú tírénì tó ń ti Manhattan lọ sí Wakefield, mo gbọ́ tí màmá kan àti obìnrin kan tó kéré sí i, tí wọ́n jọ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yín tó ń ṣe ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ní London ńkọ́, mà?"

"Ó ti kúrò níbẹ̀. Eré orí ìtàgé ló ń ṣe báyìí. Ó ṣe ọ̀kan ní Manhattan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀daràn ni wọ́n fi í ṣe."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Dáadáa. Àfi ìgbà tó béèrè pé, 'Ta ló wà níbẹ̀?' tó wá kọjú sí wa, tó dákẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Tó bá ti béèrè, á dúró kí àwọn ọmọdé dáhùn nílé wọn."

"Ṣé ẹnì kankan wá dáhùn?"

"Èmi ni. Mo ní, 'Èmi ni o.'"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ló dé, mà?"

"Ó ti mọ́ mi lára. Àtìgbà tí mo ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London wá síbí, orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Tó bá ti béèrè nínú ètò rẹ̀, mo máa ń dá a lóhùn. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."