Ìyá Àtíòro Inú Ihò Igi

[Káfíńtà wà lórí àkàbà tó fi ti igi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, télọ̀, ló pè.]

KÁFÍŃTÀ: Hẹ́lò! Yára sọ̀rọ̀, àbúrò mi, ẹsẹ̀ mi ò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa.

TÉLỌ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Òrùlé ta lẹ ń kàn?

KÁFÍŃTÀ: Orí igi ni mo wà. Mò ń so ṣíbí mọ́ ọ̀pá. Àwọn ọmọ ńkọ́?

TÉLỌ̀: Wọ́n wà. Ṣíbí lórí igi! Ẹgbẹ́ agbójú-sókè yín náà nìyẹn!

[Ariwo maṣíìnì ìránṣọ.]

KÁFÍŃTÀ: Máa fi wá ṣẹ̀sín. Ará àdúgbò tó ń kọ́ nípa ẹyẹ ni wá, a ò jalè.

TÉLỌ̀: Sorry, sà. Mo ní kí n dúpẹ́ ẹran ni.

KÁFÍŃTÀ: Ẹran wo?

TÉLỌ̀: Èyí tí ẹgbẹ́ fún ọkọ mi lánàá.

KÁFÍŃTÀ: Ẹgbẹ́ wa ò pín ẹran rí. Ṣé o gbọ́ mi? Irú ẹran wo?

TÉLỌ̀: Ẹyẹ ńlá kan. Dúdú, ikùn funfun. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, àwọn ọmọ ṣì ń fi ṣeré—

[Ọ̀pá lu ẹ̀ka igi gbà.]

TÉLỌ̀: Bọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

KÁFÍŃTÀ: Akọ àtíòro lẹ jẹ.

TÉLỌ̀: Yéè! Ọkọ mi ní—

KÁFÍŃTÀ: Mo ti ń wá a látàárọ̀! Èmi ni mo mú ọkọ rẹ wọ ẹgbẹ́. Èmi ni mo fi igi yìí hàn án, mo tún sọ ìgbà tí akọ máa ń gbé oúnjẹ wá. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Àṣé ọdẹ ni mò ń tọ́!

TÉLỌ̀: Ẹ má bínú. Ẹyẹ kan ṣáà ni—

KÁFÍŃTÀ: Kan kẹ̀? Abo wà nínú ihò igi níbí. Tó bá fẹ́ yé ẹyin, ẹrẹ̀ ló fi ń dí ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Àlàfo tóóró ló máa ń ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni akọ ti ń fi èso bọ́ ọ. Ìyẹ́ apá rẹ̀ á re tán, kò ní lè fò. Ẹni tó bá fọ́ ẹrẹ̀ yẹn, á kàn mú un bí adìẹ inú àgò ni.

TÉLỌ̀: Bọ̀dá, please, ó tó—

KÁFÍŃTÀ: Jẹ́ n sọ̀rọ̀! Ebi á pa tìyá-tọmọ. Mo ti bu ìbẹ́pẹ sí ṣíbí. Dákẹ́ ná.

[Ẹ̀ka igi ń dún. Nǹkan líle lu irin ṣíbí.]

KÁFÍŃTÀ: Ó gbà á! Ó gba ìbẹ́pẹ! Àwọn ọmọ ń ké nínú ihò. Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo gbọ́.

[Ẹ̀rín ọkùnrin.]

KÁFÍŃTÀ: Ta nìyẹn?

TÉLỌ̀: Ọkọ mi. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, speaker ni mo fi yín sí—

KÁFÍŃTÀ: Látìgbà wo?

TÉLỌ̀: Látìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ dá yín lẹ́kun, ẹ ò jẹ́.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló ń sọ?

TÉLỌ̀: Ó ní òun kí yín. Ó ní ẹ ò ṣáà lè sùn sórí igi.

KÁFÍŃTÀ: Sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo máa sùn! Ṣé o gbọ́ mi? Lónìí, lọ́la, títí àwọn ọmọ yìí á fi—

[Ìpè já.]