Àtàǹpàkò Mi Lórí Téèpù Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélógún gbọ́ ohùn mi lórí rédíò ní ọ̀sán Sátidé, ẹ gbà mí gbọ́ jù. Orin tí mo bá ní ó dára, ẹ ó ní ó dára. Èyí tí mo bá ní kò dára, ẹ ó pa á tì. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì ní pẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kí ó tó dáwọ́ dúró, ó di dandan kí n sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún méjìdínlógójì. Mo purọ́ fún yín nípa orin kan. Irọ́ náà di obìnrin kan lẹ́nu títí ó fi wọ inú ilẹ̀, obìnrin náà sì ni ìyàwó mi.

Ẹ rántí bí ètò wa ṣe máa ń lọ. Orin sóòlù àtijọ́ kan ṣoṣo láti òkè òkun ni a ó mú, a ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, a ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó tún un kọ lẹ́yìn rẹ̀, a ó wá fi wọ́n wé ara wọn. Èyí tí ẹ máa ń béèrè jù ni “Má Tíì Tilẹ̀kùn,” orin ẹni tó ń padà bọ̀ wá sílé tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Ní ẹsẹ kìíní ó wà lójú ọ̀nà, ní ẹsẹ kejì ó dé ẹnu géètì, ní ẹsẹ kẹta ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ibẹ̀ sì ni ohùn ti ń gòkè lọ síbi tí ọ̀pọ̀ akọrin kì í lè dé. Ọ̀nà mọ́kàndínlógún ni mo ti gbọ́ orin yìí. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fi gìtá kan ṣoṣo kọ ọ́, èèyàn sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Obìnrin kan tún un kọ, ó kó fèrè méje sí i, ó sáré kọ ọ́, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ wá di ọlọ́pàá tó wá mú èèyàn. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin kan kọ ọ́ bí ẹni kọ orin ìjọ, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ara wọn dáadáa. Mo yìn wọ́n gan-an lọ́jọ́ náà, àfi bí ọ̀kan nínú yín ṣe kọ̀wé sí mi pé, “Elétí, àwọn mẹ́rin yìí, bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣebí wọ́n á máa bá ara wọn tàkúrọ̀sọ níta.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ ni olùgbọ́ náà sọ. Orin ẹni kan ni orin yẹn.

Elétí ni ẹ sọ mí, nítorí mo lè mọ ẹni tó ń kọrin kó tó la ẹnu tán. Ẹ sì máa ń bi mí nínú lẹ́tà yín pé, “Ṣé kò sí ẹnì kan nínú àwa fúnra wa tó kọ orin yìí rí?” Mo máa ń dáhùn pé a gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí i. Ẹ dárí jì mí. Ó bọ́ sí i ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Kí n tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń tọ́jú téèpù ní ilé iṣẹ́ rédíò. Yàrá mi wà lẹ́yìn ilé, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín èmi àti ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń lọ aṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ìgbà tí kì í kọrin. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ “Má Tíì Tilẹ̀kùn” láti ojú fèrèsé rẹ̀. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, kí ó tó gòkè, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti gbàgbé orin náà. Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ wá jáde, tó gòkè láìṣe wàhálà, tó kan ilẹ̀kùn náà. Mo jáde, mo dúró lójú fèrèsé. Mo ní, “Àbúrò, o ṣì í kọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti dákẹ́ báyẹn nínú rẹ̀.” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin ló tutù, mo gbé e padà sórí iná. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n máa dákẹ́, ẹ wọlé wá bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwọn akọrin ńláńlá yẹn, ẹnì kankan nínú wọn kò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn tí ẹ̀rù sì ń bà á yóò kọ́kọ́ dúró ná. Irin ìlọṣọ ló kọ́ ọmọbìnrin yìí.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ náà ní kí a wá ohùn kan láàárín àwa fúnra wa tí yóò kọ orin náà, kí a lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn ará òkè òkun. Ẹni tí ó bá yege yóò lọ sí olú ìlú, yóò bá ẹgbẹ́ olórin ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì, wọn yóò sì tẹ orin rẹ̀ sórí àwo. Èmi ni mo rọ ọmọbìnrin náà kó wá, èmi ni mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni méje ni a gbà sílẹ̀. A kò kọ orúkọ sára téèpù, nọ́ńbà la kọ, kí ojú má bàa ṣe ìdájọ́. Tirẹ̀ ni ìkarùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni téèpù yẹn wà lọ́dọ̀ mi kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé, mo sì ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sán. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní inú mi dùn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ta á yọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú fèrèsé yẹn láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì tíì sọ fún un. Ẹ wo òmùgọ̀: ẹnu tí mo fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ìjọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi kò lè sọ gbólóhùn kan fún ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a pé jọ. Ẹni mẹ́ta ló fẹ́ ṣe ìdájọ́: ọ̀gá wa, bàbá tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ ńlá, àti tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Àwọn akọrin méje jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ, mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti bá téèpù ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé láti orí róòlù òsì, kẹ̀kẹ́ tí a ká a mọ́, ló ti ń tú lọ sí ti ọ̀tún, àti pé ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan èyí tó ń tú. Bí ọwọ́ bá kàn án, yóò falẹ̀, ohùn yóò sì jábọ́, yóò máa gbọ̀n. Nígbà tó kan nọ́ńbà karùn-ún, mo jẹ́ kí ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ lọ. Bàbá olùtẹ dùùrù ti di ojú rẹ̀. Ohùn náà dé ibi tó ti ń dákẹ́. Ìgbà tó fẹ́ gòkè, mo gbé àtàǹpàkò mi lé etí róòlù náà.

Ó jábọ́. Ó gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Bàbá olùtẹ dùùrù lajú, ó mi orí, ó ní, “Ó ṣe o. Ọmọ náà ò lè gbé òkè yẹn.” Ṣùgbọ́n tíṣà ní, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́. Ẹni tó kọ ẹsẹ méjì báyẹn ò yẹ kó ṣubú níbẹ̀.” Mo dá téèpù padà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kìíní nìkan ni, ǹ bá di ẹ̀bi rẹ̀ ru èṣù. Ọlọ́run fún mi ní àyè ìrònúpìwàdà tó tó ìṣẹ́jú kan gbáko, bí téèpù náà ṣe ń yí padà. Mo tún fi àtàǹpàkò mi síbẹ̀, ní ojú kan náà gan-an. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ní, “Ibì kan náà ni. Á jẹ́ pé ohùn rẹ̀ gan-an ni.” Nọ́ńbà kejì ni wọ́n mú. Níta, ọmọbìnrin náà dúró dè mí lábẹ́ òrùlé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí mo ṣe máa ń dún nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi?” Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú fèrèsé alágbàfọ̀ ti dákẹ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo gbé e níyàwó. Ó jẹ́ aya rere, ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, ó sì lè fi ẹnu pa mí lẹ́rìn-ín títí n ó fi dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́. Ní ìjọ pàápàá, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Mo jókòó tì í fún ọdún márùndínlógójì, mo ń gbọ́ ohùn gbogbo ìjọ, n kì í gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kí n pa orin téèpù méje náà rẹ́ kí a lè tún wọn lò; mo pa mẹ́fà rẹ́, mo fi ìkarùn-ún pamọ́. Nígbà mìíràn n ó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mọ́ ara mi, n ó fetí sí ìyàwó mi. Bí mo bá délé, n ó bá a nídìí aṣọ, yóò ní, “Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ fi wé ta lónìí?” Kò sí ẹni tó dá nìkan wà tó ọkùnrin tó ní ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú páálí tí kò sì ní in nínú ilé.

A bí ọmọbìnrin kan. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀gá akọrin wá sílé wa pé òun fẹ́ kó dá kọrin lọ́jọ́ ìkórè. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kí àlejò lọ tán, ó sì wí fún un pé, “Ọmọ mi, ohùn ìdílé wa máa ń já níbi tó ga. Wọ́n ti gbọ́ tèmi rí níṣojú àwọn èèyàn. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tìrẹ.” Mo wà nídìí tábìlì. Mo ń jẹun. Mo jẹ oúnjẹ náà tán. Ọmọ náà kọ̀wé sí ọ̀gá akọrin pé òun ò ṣe mọ́, kò sì kọrin mọ́ títí tó fi di abiyamọ.

Ẹ má rò pé èyí ló burú jù. Ọdún méjì sẹ́yìn, ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn wọlé sórí ibùsùn, ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ ti gbọ́ orin yẹn lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ bá mi fi tèmi wé tiwọn. Mi ò ní bínú. Ibo ni tèmi wà?” Kò sí olú ìlú kankan tó tún lè gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tí òtítọ́ lè gbà mọ́, àfi ojú tó fi ń wò mí. Mo fẹ́ràn ojú náà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo ní, “O gbìyànjú, Màmá. Ẹsẹ kẹta yẹn ló ṣòro.” Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́ fún mi.” Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Ní oṣù tó kọjá mo ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Mo gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi. Ní ẹsẹ kẹta mo rí i tó ń di etí àga mú, tó ń dúró de ibi tí ohùn yóò ti já. Kò já. Ó ní, “Dádì, ta nìyí?” Mo sọ fún un, mo sì sọ ìyókù. Kò pariwo. Ó ní, “Èmi nìkan kọ́ lẹ purọ́ fún. Ẹ lọ sọ fún gbogbo àwọn tó gbà yín gbọ́.” Ó mú báàgì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, kò pè, kò sì gbé e nígbà tí mo pè.

Mo wá ń sọ ọ́. Nínú ogún tí mo gbọ́, ìyàwó mi ni àkọ́kọ́, ìyókù ń tẹ̀ lé e. Bí tíṣà yẹn bá ṣì wà láyé, kó mọ̀ pé etí rẹ̀ ló tọ̀nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn yóò lọ, ẹ la ẹnu kí ẹ sọ fún un pé kó dúró. Bóyá ì bá dúró fún mi, bóyá ì bá lọ kó sì padà. Mi ò jẹ́ kó yàn. Mo ti bẹ Ọlọ́run, mo sì gbà gbọ́ pé ó gbọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ mi, mi ò ní kí o wá, mi ò sì ní kí o pè. Ohùn ìdílé rẹ kì í já. Kọrin níbi tí o bá wà, ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.