Ọ̀sẹ̀ Tí Alàgbà Bassey Dùbúlẹ̀ ní Sókótó

Ògo ni fún Ọba tó dá ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi padà! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ògo fún un! Ẹ tún bá mi fi fún un lẹ́ẹ̀kan sí i!

Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí láti kékeré nínú ìjọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ń retí kí n wá sọ bí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ṣe dùn tó. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nínú gbogbo oṣù tí mo lò níta, torí ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ dájú pé Ọlọ́run ń gbọ́.

Fún ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ò mọ àṣà wa: nínú ìjọ wa yìí, tí àwọn ará ìta máa ń pè ní Mọ́mọ́nì, ọ̀dọ́mọkùnrin a máa fi ilé sílẹ̀ fún ọdún méjì láti lọ sin Ọlọ́run níbi tí wọ́n bá rán an lọ. Méjì-méjì la máa ń rìn. Ẹnì kejì rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lójú rẹ. Ẹ jọ ń jí ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, ẹ jọ ń kàwé, ẹ jọ ń jáde, ẹ jọ ń wọlé. Bí a tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé, "Alàgbà" ni wọ́n ń pè wá. Èmi ni Alàgbà Oyèdélé. Ẹnì kejì mi ni Alàgbà Bassey, ọmọ Kàlàbá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, nítorí náà èmi ni aṣáájú. Ohun tí mo bá sọ la máa ń ṣe.

Sókótó ni wọ́n rán wa lọ. Mi ò ní tàn yín, ẹ̀rù bà mí láti ọjọ́ tí mo débẹ̀. Gawon Nama la ń gbé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà níbẹ̀ nìkan ni ká máa bẹ̀ wò: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn agùnbánirọ̀, àti olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé Arkilla. Mi ò gbọ́ Hausa ju "sannu" àti "na gode" lọ. Bí ẹni mẹ́ta bá dúró pa pọ̀ létí ọ̀nà, tí wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun wa, àyà mi á já. Ìyá Mùsùlùmí kan ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa, Ìyá Sàkínà, tó máa ń rán aṣọ iléèwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Sókótó ni wọ́n bí òun sí. Yorùbá ló fi máa ń kí wa. Èmi á dá a lóhùn, màá sì yára wọlé. Mo rò pé ó ń ṣọ́ wa ni.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi wa lọ́sẹ̀. Ọjọ́ yẹn la máa ń fọṣọ, tá a máa ń gẹrun, tá a máa ń kọ lẹ́tà sí ààrẹ tó ń darí iṣẹ́ wa, tá a sì máa ń pe ilé lórí fóònù. Àkókò ooru ni. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ gbóná bí ẹni pé wọ́n gbé e kaná. Alàgbà Bassey fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan péré, ó jókòó, ó ní, "Orí ń fọ́ mi."

Mo ní, "Oòrùn ni. Mu omi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún ní orí ń fọ́ òun. Ibi mẹ́rin la ní láti dé lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú yín. Lópin ọ̀sẹ̀ la máa ń ròyìn àwọn tá a bẹ̀ wò àti àwọn tá a kọ́, mo sì fẹ́ kí ìròyìn tiwa dára ju ti àwọn yòókù lọ. Mo ní, "Alàgbà, iṣẹ́ Olúwa la wá ṣe. Dìde." Ó dìde. Ó bá mi lọ sí Tudun Wada, ó bá mi lọ sí Arkilla, kò ráhùn. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tá a wọ̀ bọ̀, ó gbórí lé èjìká mi. Orí náà gbóná. Mi ò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó bì. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, ló bá fi tọ́wẹ́ẹ̀lì dí fèrèsé. Mo pe ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkòríta wa. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní ibà ni, ó fún wa ní oògùn ibà. Ọkàn mi balẹ̀. Kódà, kí Ọlọ́run foríjì mí, inú ń bí mi pé ó ti ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi, mò ń wo aago.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, ó yíjú sí mi, ó pè mí ní Ima. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ima. Mo ní, "Alàgbà, èmi ni." Ó tún pè mí bẹ́ẹ̀, ó wá ń bá mi sọ èdè ìlú rẹ̀. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ orí rẹ̀ kí n lè fún un lómi. Ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀. Orí, ọrùn àti ẹ̀yìn jọ dìde pa pọ̀ bíi pákó. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọ inú egungun mi.

Mo sáré dé ẹnu géètì. Mi ò mọ ẹni tí màá pè. Ìyá Sàkínà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ló gbójú sókè.

"Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, mà. Ara rẹ̀ ò yá. Ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "O ní ọrùn rẹ̀ ò ṣe kí ni?"

"Kò tẹ̀, mà."

Ó dìde. Aṣọ tó ń rán bọ́ sílẹ̀, kò mú un. Ó wọ inú ilé tí mo ti ń sá wọ̀ nítorí rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Sannu, ọmọ mi. Fi àgbọ̀n rẹ kan àyà." Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ. Bassey gbìyànjú, ó kérora.

Ìyá Sàkínà dìde. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Èyí kì í ṣe ibà. Sankarau ni, àìsàn tó ń mú ọrùn le. Òun ló pa Làtí mi, ọmọ ọdún méjìlá. Èmi náà sọ pé ibà ni. Mo fún un lágbo fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbé e. À ń lọ sí ọsibítù báyìí."

Kò sọ pé "Ẹ máa lọ." Ó ní, "À ń lọ."

Àbúrò ọkọ rẹ̀, Málàm Bàlá, ló gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Mo gbé orí Bassey lé itan, Ìyá Sàkínà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ká tó dé ìdajì ọ̀nà, gìrì mú un. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wa. Mò ń pe Jésù lábẹ́lẹ̀, Ìyá Sàkínà ń pe Allah, Málàm Bàlá ń fi Hausa bẹ àwọn tó wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà sì ń là fún wa.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara, ó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Dókítà ní, "Awọ tó bo ọpọlọ rẹ̀ ló wú. Ìgbà wo lorí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé, mà."

Ó wò mí. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé." Kò bá mi wí. Ó ní, "A ti fún un loògùn. Ọjọ́ méjì tó ń bọ̀ yìí ló máa sọ. Ẹ pe àwọn ẹbí rẹ̀." Ó wá ní kí èmi náà fi àgbọ̀n kan àyà. Ó fún mi loògùn tèmi kó má bàa ràn mí, ó ní bí orí bá fọ́ mi, bó ti wù kó kéré mọ, kí n sáré wá.

Mo pe ààrẹ wa. Ààrẹ pe Kàlàbá. Láìpẹ́, fóònù mi dún, ìyá Bassey ni. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Àárọ̀ òní ni, mà."

Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ẹ. O tètè gbé e lọ."

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fọ́ mi létí, ì bá sàn jù.

Arákùnrin Adéyẹmí, olùkọ́ yunifásítì tí mo sọ, òun náà ni olórí ìjọ wa kékeré níbẹ̀, òun ló gbà mí sílé. Lọ́jọ́bọ̀, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù láti àárọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀-díẹ̀ ni mò ń fi àgbọ̀n kan àyà bóyá ọrùn tèmi náà ti ń le. Bí kòkòrò bá kan etí mi, màá rò pé àìsàn náà ti mú èmi náà. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé, mi ò dá wà rí. Mò ń wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Arákùnrin Adéyẹmí mú òróró àdúrà dé. Wọ́n fún wa ní ìbòmú, wọ́n jẹ́ ká wọlé. Ó ní, "Ìwọ lo máa fi òróró kàn án lórí, èmi á gbàdúrà tẹ̀ lé e." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ìgò náà ń lu òrùka rẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè ṣe é." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: orí fífọ́ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe fipá mú un jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, irọ́ tí mo pa fún ìyá rẹ̀.

Kò pariwo. Ó ní, "Pe ìyá rẹ̀ kó o tó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀."

Mo jáde, mo pè é. Mo ní, "Mà, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Ọjọ́ Ajé lorí ti ń fọ́ ọ. Mo ní oòrùn ni."

Mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sunkún. Ó ní, "Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé nígbà tó pe ilé. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ní kó mu omi kó lọ sùn. Láti àná ni mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún." Ó wá ní, "Lọ gbé ọwọ́ rẹ lé e. Lẹ́yìn náà kó o pè mí."

Mo wọlé. Mo fi òróró kàn án lórí. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ẹ má rò pé ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rárá o. Lọ́jọ́ Ẹtì, gìrì tún mú un lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà gba iwájú mi kọjá, kò wo ojú mi. Mo ti ń ronú bí màá ṣe di ẹrù rẹ̀, ẹni tí màá fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rán sí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn Jímọ̀, Ìyá Sàkínà dé pẹ̀lú kúnú nínú kúlà. Ó ní, "Mo ní kí àwọn obìnrin tá a jọ kírun bá mi ṣàdúà fún un. Wọ́n bi mí lórúkọ rẹ̀, mo ní Alàgbà. Ṣé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ ń ṣọ́ wa."

Ó ní, "Mò ń ṣọ́ yín. Ọmọ ọlọ́mọ méjì, ẹ ò gbédè, ẹ ò lẹ́bí níbí. Ta ló fẹ́ máa ṣọ́ yín?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde. Ó ní, "Ta ló gbọ́ èdè ọmọ yìí?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló ń sọ. Mo wọlé, mo rí i pé ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra ní èdè wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo pe ìyá rẹ̀, mo gbé fóònù sí etí òsì rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni gbọ́ nǹkan. Mo gbé e sí ti ọ̀tún, ojú rẹ̀ yí padà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ìyá rẹ̀ kígbe láti Kàlàbá. "Ebi ló ń pa á! Ó ní ebi ń pa òun!"

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ebi, ẹ̀yin ará. Kúnú Ìyá Sàkínà ni wọ́n fi síbí bù fún un, nígbà tí dókítà gbà.

Mi ò ní fi èyí tó kù pamọ́. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé etí òsì rẹ̀ kò ní gbọ́ mọ́. Ó sunkún lé e lórí, èmi náà bá a sunkún. Ó lọ ilé lọ tọ́jú ara fún oṣù bíi mélòó kan, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ó sì parí rẹ̀.

Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ nítorí Bassey. Mo dúpẹ́ nítorí dókítà yẹn, nítorí Málàm Bàlá, nítorí ìyá kan tó tún padà wọ inú ìbànújẹ́ tirẹ̀ kó lè gba ọmọ ẹlòmíràn là. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹni tó bá wà nínú ìdààmú níhìn-ín, bí ara ẹnì kan bá ń yá gágá nílé rẹ tó wá ní orí ń fọ́ òun, má sọ fún un pé kó dìde. Bi í léèrè. Gbé e lọ. Bó bá sì jẹ́ pé o ti pa irọ́ kan nítorí ẹ̀rù, tí o ò lè gbàdúrà mọ́, lọ sọ ọ́ fún ẹni tó o pa á fún. Ẹ̀rù á ṣì máa bà ọ́. Tèmi náà bà mí, títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wọ ilé ìjọsìn, Bassey pè mí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ jẹ́rìí nípa rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ó wà láàyè! Ní orúkọ Jésù Kristi ni mo fi sọ ọ́. Àmín.