Ọwọ́ Òsì Barikísù níwájú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀ka

Ẹ̀yin jàmáà, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo fi sálámà kí yín o. Wáàsí tòní kò gùn: hàláálì ni kí á fi wá ìmọ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ wọ yunifásítì, irọ́ ló máa gba ìwé-ẹ̀rí. Bí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni, kó bí i dáadáa, n ó sọ ọ́.

Obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, Barikísù lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ó sì ń se ọṣẹ dúdú tà. Ó lóun fẹ́ lọ ṣe másítàsì. Àwọn àna rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ìwọ ọlọ́ṣẹ, ọmọ mẹ́rin lo bí, kọ̀ǹpútà wo lo fẹ́ tẹ̀?" Ó ní, "Èyí tí wọ́n bá gbé síwájú mi ni." Ẹ ò gbẹ́nu!

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àbáwọlé ọ̀hún, Barikísù ò sì di máòsì mú rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń gba kafé oníkọ̀ǹpútà lọ lẹ́yìn iléèwé. Níbẹ̀rẹ̀, aago ojú kọ̀ǹpútà á ti parí kó tó dáhùn ìdajì ìbéèrè. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn tán kí aago tó parí. Nílé, ó lẹ ìṣirò mọ́ ògiri ibi tó ti ń se ọṣẹ. Ọwọ́ òsì di igbá mú, ọ̀tún ń po ọṣẹ, ẹnu ń ka ìṣirò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹ mọ bó ṣe ń jẹ èèyàn lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Bí ẹ̀rọ ò bá mọ ìka rẹ, o ò wọlé nìyẹn. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ nígbà tí Barikísù ra fọ́ọ̀mù. Ó tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ó nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́, pàbó. Omi eérú ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán!

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀: "Mádáàmù, ẹ wá nǹkan fún mi, n ó fi ìka tèmi rọ́pò tiyín nínú ẹ̀rọ. Bí mo ṣe ń bá wọn ṣe é nìyẹn. Wọn ò ní pẹ́ tìlẹ̀kùn o."

Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́: mélòó nínú wa ni kò ní sọ pé "Ẹ ṣeun, bàbá"? Oṣù mẹ́jọ! Barikísù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹnu á dì, ọwọ́ á máa rojọ́. Kí ni ìka yín fẹ́ sọ nípa mi? Mi ò san nǹkan kan, mi ò sì lọ sílé." Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì. Bàbá jágbe, "Ẹ dìde!" Barikísù ní, "Ìka mẹ́wàá lẹ gbà, ọwọ́ kan lẹ dán wò."

Ṣé ẹ mọ ohun tí kò jẹ́ kó tètè na èkejì? Ọwọ́ òsì ni. Igbá ló máa ń dì mú, omi eérú ò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Barikísù ò na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà rí láyé rẹ̀. Ọwọ́ tá a fi ń ṣan ìdọ̀tí! Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni mo nà sí yín o." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dún, ó mọ̀ ọ́n. Ó wọlé, bàbá ń kùn.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n rí ìka kan ṣoṣo lórí orúkọ mọ́kànlá. Wọ́n fagi lé èsì gbogbo wọn, ọlọ́pàá sì wá mú bàbá oníka. Barikísù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n ní ó gba ipò kìíní. Rárá o. Máàkì mẹ́ta ló kù kó wọlé. Àwọn àna tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni." Ó ti ra fọ́ọ̀mù míì, ó ti padà sí kafé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti san owó fún ẹni tó máa bá yín ṣèdánwò, ẹ lọ gbà á padà. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fún wọn lówó ọ̀hún, tiyín ló burú jù. Ọlọ́hun Ọba, fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Fi àlùbáríkà sí kékeré tó jẹ́ tiwa. Má jẹ́ kí ọwọ́ wa rojọ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Àmín.